Wọ́n Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Dá Bàbá Rónkẹ́ Lẹ́bi

Ṣọ̀fíúlláhí Bádárù kú ní ilé ìwòsàn kan ní Hamburg ní oṣù kejì ọdún 2008. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. A sin ín sí apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní itẹ́ òkú Öjendorf, òjò winniwinni ń rọ̀. Àwọn ọkùnrin mélòó kan láti inú Ẹgbẹ́ Àwọn Ológun Àtijọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Berlin. Fìlà ológun wọn wà nínú àpò kóòtù wọn, kò sí ẹni tó dé e. Òfin ẹgbẹ́ ni pé a kì í dé fìlà níbi ìsìnkú ẹni tí ilé-iṣẹ́ ológun bá lé. Lójú òfin yẹn, ọkùnrin tí a gbé sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣe sójà rí.

Ó ṣe é o. Ó ja ogun abẹ́lé láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àfọ́kù irin kan wọ èjìká rẹ̀ òsì lójú ogun, àwọn dókítà kò lè yọ ọ́, òun náà ló sì bá a wọ ibojì. Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún àfọ́kù irin yẹn pé wọ́n ti lé ẹni tó gbé e?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Sójà lè fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè tú u sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé pé ó sìn, ó sì parí. Wọ́n sì lè lé e. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ àti ẹni tí wọ́n lé lè ti jọ sùn nínú ihò kan náà nígbà tí ìbọn ń dún, ṣùgbọ́n ìtìjú ni wọ́n fi ń rán ẹnì kejì lọ sílé. Ohun tí Bàbá Rónkẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ń wá láti ọdún púpọ̀ ni kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan padà lórí ìwé rẹ̀: kí "a lé e" di "a tú u sílẹ̀". Kò béèrè owó, kò béèrè oyè. Ó fẹ́ dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n bá ń rántí àwọn tó kú lógun. Lọ́dọọdún ló máa ń wọkọ̀ láti Hamburg lọ sí gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń yá ní àdúgbò Wedding ní Berlin. Lọ́dọọdún ló máa ń jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ, tí á máa wo àwọn tó dúró.

Ọlárónkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Hamburg ni wọ́n bí i sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé e. Èdè Jámánì ló máa ń fi bi í pé, "Papa, wen interessiert das noch?" Ta ló tún ka ìyẹn sí nǹkan mọ́? Bàbá rẹ̀ á fi Yorùbá dá a lóhùn pé, "Èmi. Èmi nìkan náà tó."

Kí ló wá ṣe? Mi ò ní fọ̀ ọ́ mọ́ ju bó ṣe rí lọ. Ní ọdún 1971, ogun ti parí, ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, bárékè kan nítòsí Abẹ́òkúta ni wọ́n fi í sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gbéyàwó nínú ìlú. Ó gba àyè lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì rẹ̀ pé òun á padà kí oòrùn tó wọ̀. Ó lọ. Ó mu ohun tí kò yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí mu. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó padà dé, nígbà tí ọ́físà kan sì bi í níbi tó ti ń bọ̀, ó ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí fún mi. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, ó fi ọwọ́ bojú.

Ẹni tó gba àyè tí kò padà lásìkò ṣẹ̀. Ẹni tó rí ọ́físà fín ṣẹ̀. Àtìmọ́lé ni wọ́n fi ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń lé ènìyàn. Kò sí ẹni tó pe sájẹ́ǹtì náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ náà kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ tó ṣe é lóore ni. Wọ́n gba aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀, ó bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ó di atukọ̀, ó dé Hamburg, ó sì fi èjìká tó ní irin nínú yẹn di kọ̀ǹténà mọ́ ọkọ̀ ní Hafen, èbúté ìlú náà, títí wọ́n fi gbé e lọ sínú ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń ṣe Schicht, ìyẹn ìpín iṣẹ́ kan náà, fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Jẹ́nẹ́rà, nítorí pé kò pẹ́ débi iṣẹ́ rí. Ó ní ẹni tí pípẹ́ bá ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ mọ́.

Ní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà láti tún irú ẹjọ́ báyìí yẹ̀ wò rán ẹni mẹ́ta wá sí Yúróòpù. Ìgbà tí wọ́n ń gbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Jámánì ni. Alága wọn, ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Ọláṣẹ̀hìndé, jókòó ní gbọ̀ngàn Wedding yẹn láti gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn. Bàbá Rónkẹ́ múra ìgbẹ́jọ́ náà bí ọmọ Yorùbá rere ṣe ń múra. Kò wá agbẹjọ́rò. Àgbàlagbà tó máa bá a bẹ̀bẹ̀ ló wá. Ó lọ bá Láoyè, alága ẹgbẹ́ ní Berlin, ní ilé rẹ̀ ní Neukölln, Láoyè sì gbà láti tẹ̀ lé e. Láoyè yìí kan náà ni sájẹ́ǹtì ọdún 1971. Òun ló fún un láyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́. Bí o bá dọ̀bálẹ̀ tán tí o tún ń ṣàlàyé, àwọn àgbà á ní o kò tíì mọ ẹ̀bi rẹ lẹ́bi, wọ́n á ní kí o padà sílé lọ ronú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi ẹ̀sùn náà, ọkùnrin tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta dojú bolẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ọmọdé ló ń ṣe mí."

Láoyè ṣí fìlà. "Ẹ bá wa fojú àánú wò ó, sà. A ò wá rojọ́, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀."

Ọláṣẹ̀hìndé na ọwọ́ sí i. "Dìde, àbúrò. A ti gbọ́."

Kí ni "a ti gbọ́" túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà Yorùbá, lórí ẹni tó dọ̀bálẹ̀? Mo fẹ́ kí ẹnì kan dáhùn ìbéèrè yìí fún mi. Bàbá Rónkẹ́ mọ̀ ọ́n. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti pe ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́, pé ó ti parí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó ti ra bàtà dúdú tuntun sílẹ̀ de oṣù kìíní.

Àwọn ìgbìmọ̀ ya fọ́tò níwájú ẹnubodè Brandenburger Tor láàárín àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì padà sílé. Kí ọdún tó parí, èsì wọn dé. Olùbẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀sùn náà ní kíkún. Kò mú ẹ̀rí kankan wá. Wọ́n ti pa ẹjọ́ náà dé.

Ọ̀gá Ọláṣẹ̀hìndé, inú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà? Ẹ̀yin náà kò ha ti dọ̀bálẹ̀ rí fún ohun tí ẹ kò ṣe, kí àlàáfíà lè wà? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn Jámánì ló jókòó síbẹ̀, mo lè sọ pé wọn ò mọ àṣà. Ẹ̀yin mọ àṣà. Ẹ fi àṣà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ sì fi òfin kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ọkùnrin yẹn lẹ fi dá a lẹ́bi, iṣẹ́ tí ẹ̀sùn irọ́ ọdún 1971 kò lè ṣe tán lẹ wá bá a parí.

Ìgbà yẹn ni ó tó wá agbẹjọ́rò, tó wá sọ́dọ̀ mi. Mo ṣàlàyé fún un pé ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù. Ìgbìmọ̀ lè tún ẹjọ́ náà ṣí bí ẹ̀rí tuntun bá wà, ẹ̀rí náà sì wà: ẹni tó fún un láyè ṣì wà láàyè. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárúkọ Láoyè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ṣí fìlà nítorí mi, kí n wá fà á lọ sẹ́jọ́? Ojú wo ni máa fi wò ó?"

Mo rọ̀ ọ́ títí. Bí ó bá dákẹ́, yóò kú bí ẹni tí wọ́n lé. Bí ó bá sọ̀rọ̀, yóò di ẹni tó tú àṣírí àgbà tó bá a bẹ̀bẹ̀, kò sì sí Yorùbá kan láti Wedding dé Hamburg tí kò ní gbọ́. Ó yí ọ̀rọ̀ náà po bí ẹni tó wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Oṣù kìíní dé, ó wọ bàtà tuntun náà, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ó tún lọ. Láoyè wà níwájú, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn tó dúró. Ó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi Láoyè, Rónkẹ́ dúró tì wá. Kò jiyàn. Ó ní òun fún un láyè, ohun tí òun bẹ̀rù ni pé wọ́n á bi òun ìdí tí òun fi dákẹ́ ní ọdún 1971. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ á tó."

Rónkẹ́, tí mi ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí ju ẹ káàárọ̀ lọ, wò ó lójú. "Ẹ mọ̀, sà. Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò ó."

Òun ló ní kí n kọ èyí, kí n má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́.

Nítorí náà, Alàgbà Láoyè, ọ́fíìsì Notar, agbẹjọ́rò tí ń gba ìbúra, kò ṣọ̀wọ́n ní Berlin. Ẹ lọ búra síwájú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún wa ní itẹ́ òkú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ sọ fún wa ẹni tó ṣe òfin pé kí a fi fìlà pamọ́ fún òkú, kí ẹ sì sọ bóyá òfin náà kan ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì dákẹ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ṣí ẹjọ́ tí ẹ pa dé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pẹ́, pé ó yájú, kí ẹ fi ìyà tó tọ́ sí ọmọ tó pẹ́ tó sì yájú jẹ ẹ́, kí ẹ sì tú u sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá bá yín. Kò ní mú àgbà kankan lọ́wọ́, kò sì ní kúnlẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó rojọ́.