Ọjọ́ Kan Tí Mo Ṣì Kà

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi gbogbo ọdún tí mo lò ní pósítì ṣe, màá ní ẹ̀rù ni mo fi ń bà. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn kántà ń gbádùn. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù pé kí n má ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ nínú wáyà tí ẹlòmíì fẹ́ rán ni mo fi ń jí, òun náà ni mo fi ń sùn. Ojo ni mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lọ́dún tí mo ń sọ yìí kọjá ti ojo.

A ò tíì gbòmìnira pẹ́ nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni pósítì Kétu, tẹlifóònù kan ló wà nínú rẹ̀, okùn rẹ̀ gba Pobè kọjá kó tó dé Kútọnu. Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: èmi àti ọ̀gá mi ará Àjàṣẹ́, tí gbogbo ìlú ń pè ní Resevẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ pósítì láti máa wá àyè fún èèyàn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni tẹlifóònù wà, àwọn tó ń ta ìwé ọkọ̀ sì wà ní Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Mẹ̀tírì Àkànní ṣe wá. Ọmọ Odomèta lẹ́bàá Kétu ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé Kétu, ẹgbẹ́ mi sì ni láti kékeré. Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀sílì, ti lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Kánádà. Kò mọ̀ pé òun lóyún nígbà tó ń lọ. Ọ̀hún ló bí i sí, obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Wọn kì í gba ọmọ láàyè nílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, nítorí náà obìnrin kan ládùúgbò ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Obìnrin yẹn wá fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn kí oṣù kẹjọ tó pé. Bí ará ilé kankan ò bá wá gbé ọmọ náà kó tó lọ, ilé tí wọ́n ń kó ọmọ aláìlẹ́bí sí ni wọn yóò gbé e lọ.

Àkànní ní, "Alábí, tí wọ́n bá ti gbé e wọ ibẹ̀, ta ni yóò tún mọ̀ pé ọmọ Odomèta ni?"

Kò sí ìgbà tó lè lọ ju àsìkò fakáǹsì lọ, nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ìgbà yẹn gan-an sì ni gbogbo òyìnbó tó wà nílẹ̀ wa ń kó ọmọ wọn lọ sí Faransé. Ọkọ̀ á kún, owó rẹ̀ á máa gòkè bí owó àgbàdo ṣe ń gòkè kí tuntun tó dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe Kútọnu. Mo ń pariwo sínú tẹlifóònù débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ti mọ ọ̀rọ̀ Àkànní tán. Èsì kan náà ni akọ̀wé ibẹ̀ ń fún mi: kò sí, àfi olówó gọbọi. Olówó gọbọi yẹn, tí Àkànní bá fi owó oṣù rẹ̀ san án, yóò gbà á ju ọdún kan lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé ní, "Ọ̀kan ti yọ o." Ìwé ọkọ̀ ẹlẹ́dìnwó ni, kò tó ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òfin: ẹni tó bá rà á kò gbọdọ̀ lò dín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ní ọ̀hún, kò sì gbọdọ̀ lò ju mọ́kànlélógún lọ. Bó bá rú òfin, á san gbogbo owó tó kù ní pápá ọkọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

"Ọjọ́ wo ló ń padà?" akọ̀wé béèrè.

Àkànní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Mẹ́rìnlá géérégé. Yàrá tí wọ́n fẹ́ fún mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé ọ̀hún. Mo na ìka: Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan, Ẹtì, èjì, Àbámẹ́ta, ẹ̀ta. Mo kà á lọ, mo kà á bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó bọ́ sí Ọjọ́rú. Mo pariwo "Ọjọ́rú!" sínú tẹlifóònù, akọ̀wé sì kọ ọ́ bí mo ṣe wí. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹmu fún ara mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àkànní lọ. Ó ku ọjọ́ méjì kó gbéra padà, Ọjọ́ Ajé ni, ọjà Kétu sì bọ́ sí ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ná ọjà tán, ó yà sí pósítì.

"Alábí ọmọ mi, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wò mí?"

"Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni, Ìyá. Ọjọ́ márùn-ún òní."

Resevẹ́ẹ̀ gbé orí sókè níbi tó ti ń lu òǹtẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Kétu yìí! Òní Ajé, ọjà tó ń bọ̀ Ẹtì. Márùn-ún wo? Ṣé òní tí a ti ń jẹ lọ́wọ́ náà lẹ tún ń kà?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn baba àwọn ṣe kà á nìyẹn, ọjà ò sì tíì sọnù rí.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ka ọjà ni mo ṣe ka ọjọ́ fún Àkànní: mo ka ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́ ọn. Lójú àwọn ọlọ́kọ̀, mẹ́tàlá ni mo kà. Mo rí Àkànní lójú mi ní pápá ọkọ̀, ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń béèrè owó tí kò ní.

Mo dúró kí ìyá yẹn lọ, mo sì jẹ́wọ́ fún Resevẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ní, "Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Gbé tẹlifóònù." Mo gbé e, ó dákẹ́ lọ gbáú. Òjò àná ti wó igi lu okùn lójú ọ̀nà Pobè. Resevẹ́ẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó jù ú sí mi.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ dé Pobè. Ẹrẹ̀ pupa ni gbogbo ọ̀nà, mo ń gùn ún, mo ń tì í. Ẹnì kan kí mi nítòsí Okpomèta, mi ò dáhùn, kì í ṣe ìgbéraga. Ní Pobè, mo pe Kútọnu. Akọ̀wé ní àyè wà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí àwọn òyìnbó kò tíì máa padà bọ̀. Òun á tún un kọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bó bá fi lè yọjú sí wọn ní Ọjọ́rú, wọ́n á gba owó wọn." Mo tẹ wáyà sí Kánádà: MÁ WỌKỌ̀ ỌJỌ́RÚ. WỌ TI ỌJỌ́BỌ̀. JỌ̀WỌ́. Iye ọ̀rọ̀ ni a fi ń san owó wáyà, Resevẹ́ẹ̀ sì ti kọ́ mi tipẹ́ pé jọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà, owó ni. Lọ́jọ́ náà, mo fi sí i.

Èsì kankan ò dé. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà ni mo ń wò. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ìyá Àkànní ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn, ó mú ọ̀já tuntun dání tí yóò fi pọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Ọjà tí a ń kà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èéṣe tó fi jẹ́ tèmi ló wá dà báyìí?" Ó jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn wa, kò lọ sílé mọ́. Ilé mi ló sùn.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta, ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Kútọnu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àkànní sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé ọmọ tí eruku ti bo irun rẹ̀ dání. Ìyá rẹ̀ ti gba ọmọ náà, ó ti pọ̀n ọ́n, kó tó kí ọmọ tirẹ̀. Èmi fara ti ògiri pósítì.

Àkànní bá mi níbẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ni a wà, Alábí. A ti gbé ẹrù jáde. Sẹ̀sílì ti sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nà án sí mi, ni ẹni tó ń pín wáyà dé."

Mo ní kó dárí jì mí. Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ní Sẹ̀sílì rán òun sí mi, ó sì ní kí òun sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Ó ní gbogbo ọjọ́ yòókù ni òun fi ń fọ aṣọ, tí òun ń di ẹrù, tí òun ń sunkún. Ní Ọjọ́rú tí a ò lọ mọ́ yẹn, ẹrù ti wà ní dídì, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun pọn ọmọ òun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."