Oṣù Tí Èmi Nìkan Jẹ́rìí Sí

Ọjọ́bọ̀ ni, aago méje ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo rí i ni pé mo wo fóònù mi. Orí dẹ́kìn ilé tí mo háyà yàrá kan sí ní Ìgàndò ni mo wà. Lánlọ́ọ̀dù ti fẹ́ kọ́ òkè kan sí i kó tó dá iṣẹ́ dúró, irin sì yọrí síta káàkiri ibẹ̀. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, símẹ́ǹtì tó ti ń gbóná láti àárọ̀ sì ń rú òórùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun tí a bu omi sí. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni. Mo ti fi dàbínù àti omi ṣínu, mo sì dúró kí n wo ojú ọ̀run díẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìwó bíi tèmi yóò mọ̀ pé a kì í dá nìkan wá oṣù. Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ojúlé ló máa ń tú síta. Àwọn ọmọdé á máa purọ́ pé àwọn ti rí i, àwọn àgbà á máa bú wọn, títí ẹnìkan yóò fi rí i lóòótọ́ tí ariwo yóò sì ta. Ní Ìgàndò, fóònù ni gbogbo ènìyàn ń wò, wọ́n ń retí ìkéde. Èmi nìkan sì ni Mùsùlùmí nínú ilé wa. N kò fi ìyẹn ṣàròyé, nítorí pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ààwẹ̀ mi, wọ́n tilẹ̀ máa ń dín ohùn rédíò kù tí mo bá ń kírun. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè wà láàárín àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún un, kó má sì rí ẹni tí yóò bá jí jẹ sààrì.

Apá òsì òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ni mo ti rí i, níbi tí àwọsánmà ti ya díẹ̀. Ìlà funfun kan ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí etí àwo, orí rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Mo di ojú, mo tún là á. Mo rìn lọ sí igun kejì dẹ́kìn, bóyá wáyà iná ló ń tàn mí jẹ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ń ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn. Díákónẹ́ẹ̀sì ni, ó sì máa ń pè mí ní Àlàájì láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibẹ̀ yẹn. Kí lẹ rí?” N kò dárúkọ oṣù, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ó fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò ó títí. “Háà, Àlàájì, oṣù yín mà nìyẹn! Ó mà rù o. Àbí òun náà bá yín gbààwẹ̀ ni?”

Kí a tó rẹ́rìn-ín tán, àwọsánmà ti pa dé.

Nígbà tí mo dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò, wọ́n ti kírun Màgàríbì tán. Mo kí tèmi, mo sì lọ bá Lèmọ́mù, bàbá àgbàlagbà kan láti inú ìdílé tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, “Ta ló bá ọ rí i?”

“Aládùúgbò mi kan, Bàbá. Díákónẹ́ẹ̀sì ni.”

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. “Díákónẹ́ẹ̀sì kẹ̀! Ṣé pásítọ̀ ló máa wá kí ìrun ọdún fún wa ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Lèmọ́mù. Ó pe àwọn lèmọ́mù ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan, àwọsánmà ti bo ojú ọ̀run lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kí ààwẹ̀ tó lè parí, ó kéré tán Mùsùlùmí méjì tí a lè gbára lé gbọ́dọ̀ fojú rí oṣù. “Ìwọ jẹ́ ẹyọ kan,” ló wí. “Mi ò pè ọ́ lópùrọ́ o.” Kò pẹ́ tí ìkéde fi dé pé kí a gba ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n.

Mo ti ń wọ bàtà nígbà tó tẹ̀ lé mi jáde. Ó rọra sọ̀rọ̀. “Ṣé o rí i, àbí ó kàn ṣe ọ́ bíi pé o rí i?”

“Mo rí i, Bàbá.”

“Tó bá dá ọ lójú, ọjọ́ ọdún ni ọ̀la fún ọ, èèwọ̀ sì ni ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́kàn rẹ. Ṣùgbọ́n má jẹun lójú ẹnikẹ́ni, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí kò bá dá ọ lójú, bá wa gbà á.”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dá mi lójú tó?”

“Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ojú tèmi kọ́ ló rí i.”

Mo fẹ́ kí o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára mi bí mo ṣe ń rìn lọ sílé. Tí mo bá jẹun lọ́la tó sì jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹun nínú oṣù ààwẹ̀, ìtanràn rẹ̀ sì ni kí n gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ láìfo ọjọ́ kankan. Tí mo bá gbààwẹ̀ tó sì jẹ́ pé òótọ́ ni mo rí, mo ti gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ní kí n má gbà á. Kò sí àárín tí ènìyàn lè dúró sí. Mo ro ó pé bóyá bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà ni, ṣùgbọ́n bàálù kì í dúró lójú kan. Mo ro ti ìyá náà. Kò sí èrè kankan fún un nínú irọ́. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ó ku ọjọ́ mélòó, nítorí náà ó mọ ohun tí mo ń wá kí n tó pè é. Nígbà tí mo fi yọ gbogbo ohun tí n kò lè gbára lé kúrò, ojú mi méjèèjì nìkan ló kù.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnì, mo sì jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Mo ń rọra gbé ṣíbí kó má baà dún. Mo ka kábàrà ọdún sábẹ́ ètè. Oúnjẹ ọdún mi nìyẹn. Mo ṣì ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi pè láti Ìwó.

“Ọmọ mi, ṣé ò ń gbìyànjú? Ó mà ku òní nìkan.”

“Mò ń gbìyànjú, Màámi.”

N kò purọ́ fún un, ṣùgbọ́n n kò rántí ìgbà tí ohùn rẹ̀ jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi pákò fọ ẹnu dáadáa kí n tó lọ kí Jímọ̀, mo sì jókòó láàárín àwọn tí ètè wọn ti gbẹ. Ọ̀dọ́kùnrin àná yẹn gan-an ló jókòó tì mí. “Ẹlẹ́rìí oṣù! O gbààwẹ̀ ṣá?” Kí n tó mọ ohun tí màá wí, Lèmọ́mù gbé ohùn sókè níwájú: “Ẹ tò dáadáa, ìrun ti tó.” Ìrun kò tíì tó. Mo mọ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí a tò tán, ó ṣì jẹ́ kí a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ayé rí oṣù. Ó tóbi, ó sì ga. Àwọn kan ń pariwo pé ti ọjọ́ méjì ni, wọ́n ń wojú mi. N kò gbà á bí ìdáláre, nítorí pé oṣù tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ lè tóbi bẹ́ẹ̀ náà. Mo kírun ọdún pẹ̀lú wọn ní Sátidé, a dì mọ́ra, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti ṣọdún tèmi.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ohun tí ń mú nǹkan dá ènìyàn lójú ni kí àwọn mìíràn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún yẹn kọ́ mi pé nǹkan lè dá ọ lójú kí o sì dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, àti pé ìdánìkanwà náà kò sọ ọ́ di òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ di irọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Lèmọ́mù ni. Ó ní kí n mú òun lọ sókè. Orúnkún ń dùn ún, ó ń di èjìká mi mú ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a wo ojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi ṣú.

“Kí lo rí?” ló bi mí.

“Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá.”

“Èmi náà ò rí nǹkan kan.”