Ọ̀dà Ara Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣì kéré. Bí mo ṣe ní mo kéré yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì sí. Ilé bàbá mi ní Ìwó ni mo padà sí, ẹni tí kò bá sì tíì kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀, ọmọdé ni lójú gbogbo agboolé. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mò ń wò ó. Mo máa ń wo aago púpọ̀ nígbà náà, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá pè lọ síbì kan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá irin níta. Mo yọjú. Ọkùnrin tó máa ń ra àjákù irin kiri ni, ó ń fi ìka gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá mi wò bí ẹni tó ń ra ìbẹ́pẹ. Bàbá mi dúró tì í, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn kò wo ọkọ̀ náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Bàbá mi ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà àgbà. Lọ́dọọdún, òun ni wọ́n fi ń gbé àwọn ìyá àgbà agboolé wa tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n rìn lọ sí Yídì, lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ Iléyá. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní kí mẹkáníìkì àdúgbò wa kun ẹ́ńjìnì náà kó lè bá ọdún mu. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì ló fi kùn ún, lórí ọ́ìlì àti ìdọ̀tí ọdún tó lé ní ogún. Ó dán fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè tó lọ sí Yídì, ẹ́ńjìnì gbóná, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èéfín sì kún inú ọkọ̀. Ẹnì kan kígbe pé iná ni. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta fò jáde tòun ti aṣọ ọdún, ọ̀kan bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń lọ kírun ló dúró wò wá.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ síbi gbogbo. Wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Ká ní wọ́n bínú ni, ọkàn mi ìbá fúyẹ́ díẹ̀.

Ni mo bá jáde, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Iléyá. Mo lè kun ẹ́ńjìnì yẹn kó má jó mọ́."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ?"

"Èmi ni, sà."

Ẹni tó ń ra irin rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kùn ún. Irin tí wọ́n kùn àti èyí tí wọn kò kùn, bákan náà ni wọ́n ń wúwo lórí òṣùwọ̀n mi. Lọ́jọ́ kejì ọdún, n ó padà wá."

Bí mo ṣe gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọ̀dà bá tún jó, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn, bàbá mi ò sì ní wa òmíràn mọ́. Gbogbo ẹni tó sì ti ń bèèrè ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n á ti rí ìdáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ti ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ó fún mi ní agolo ọ̀dà kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kun páìpù èéfín, tí iná kì í rí gbé ṣe. Àwọ̀ eérú ni. Agolo kan péré. Bí mo bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó kùn ún nígbà ìṣáájú ló tú ẹ́ńjìnì náà, ó fi ṣéènì gbé e kọ́ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ju bàbá mi lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, kò sì fẹ́ràn kí ọmọdé kọ́ ọ níṣẹ́. "Alákọ̀wé," ló máa ń pè mí, "ìwọ ka ìwé, èmi ka irin. Ká jọ wo ẹni tí yóò yege."

Ọjọ́ méjì ni mo fi ha ọ̀dà géètì kúrò. Ọ́ìlì ló wá kù. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí, síbẹ̀ ó ń yọ̀. Mo délé, mo ráhùn fún ìyá mi. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe tà, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tó rán mi nílé ìwé. Wọ́n máa ń ra eérú èèpo kòkó láti Kuta, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, omi tó mú débi pé ó ń bó ni lọ́wọ́. Ní yunifásítì, a kọ́ orúkọ gígùn fún ohun tó wà nínú omi náà. Ìyá mi kò mọ orúkọ yẹn. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti gbàgbé ohun tó rán ọ nílé ìwé ni?" Wọ́n sì gbé ìkòkò omi eérú fún mi.

Mo fi àkísà dí gbogbo ihò ẹ́ńjìnì, mo fi omi eérú fọ̀ ọ́, mo fi omi lásán ṣàn án, mo sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, mo kán omi sí i lára. Bí ọ́ìlì bá ṣì wà níbẹ̀, omi á ṣù jọ, á máa yí bí omi orí ewé kókò. Bí irin bá mọ́, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tẹ́. Òjò ti ṣú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá bò ó, mo ní kó di ọ̀la.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, irin náà ń dán ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Inú mi dùn, mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. Ṣùgbọ́n irú èèyàn tó máa ń padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun ti ilẹ̀kùn ni mí. Mo tún kán omi sí i. Omi ṣù, ó yí gbirigbiri, ó sì já bọ́.

"Èmi ni mo nù ún ní ọ́ìlì nírọ̀lẹ́ àná," ni ọ̀gá wí láti ẹ̀yìn mi, tayọ̀tayọ̀. "Irin tó wà níhòòhò báyẹn, bí ìrì bá sẹ̀ sí i, ó ti dípẹtà kílẹ̀ tó mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ mi."

Mo fẹ́ sunkún. Inú rere ló fi ṣe é, iṣẹ́ tó sì ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi nìyẹn. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó fi aṣọ bò ó pé aṣọ náà dọ̀tí? Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ìka kán omi síbí."

Ó kán an. Omi yí bọ́. Ó tún kán an.

"Ọ̀dà kò ní rí irin dì mú, sà. Ọ́ìlì ni yóò dì mú. Bí ooru bá dé, ọ́ìlì á sá, ọ̀dà á sì tẹ̀ lé e."

Ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Kì í ṣe ọ̀dà géètì nìkan ló dójú tì mí lọ́jọ́ ọdún nígbà náà."

"Kì í ṣe òun nìkan, sà. Ọ́ìlì abẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ta ni yóò pọn omi?" Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti gbé garawa.

A tún un fọ̀, oòrùn gbẹ ẹ́, mo sì kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì padà sínú ọkọ̀, ọ̀gá ṣíná ọkọ̀ nínú àgbàlá wa. Kò pẹ́ tí òórùn díẹ̀ fi jáde. Mo mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò rántí sọ fún bàbá mi. Wọ́n jáde láti yàrá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Òórùn ọjọ́ yẹn nìyẹn."

"Bí ìkòkò amọ̀ ni, Bàbá. Iná ló ń sọ ọ́ di ìkòkò, ooru ló sì ń mú ọ̀dà yìí le." A pa ẹ́ńjìnì, ó tutù, a tún ṣíná sí i. Nígbà kẹta, òórùn kò jáde mọ́. Bàbá mi fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun.

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta wọlé sẹ́yìn ọkọ̀, èmi wà níwájú. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ nígbà ìṣáájú, jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, wọ́n fi èkejì fa gèlè bo imú. "Bí mo bá tún fò lónìí," ni wọ́n wí, "ìwọ oníwèé yìí, orí rẹ ni n ó bà lé."

A dé ibi òkè. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn rántí wa, wọ́n sún kúrò lọ́nà. Ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, mo tẹjú mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a dé orí òkè, Ìyá Àgbà sọ gèlè kalẹ̀, wọ́n fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀mejì. "Kò rùn," ni wọ́n ní. "Tùràrí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́."

Ní Yídì, bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n pé jọ wò ó. Ọ̀gá mẹkáníìkì ń sọ fún wọn pé òun lòun pọn omi. Bàbá mi wá nawọ́ sí ẹ́ńjìnì, wọ́n ní, "Ìwé tí mo rán ọmọ mi lọ kà rèé. Ẹ wá wò ó." Títí di òní, mi ò tíì gba ìwé ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ẹni tó ń ra irin gbé òṣùwọ̀n dé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kò sí nílé. Wọ́n ti wa ọkọ̀ wọn lọ kí àna ní Olúpọ̀nnà.

Ayé ti yí. Bàbá mi, ìyá mi àti ọ̀gá ti lọ. Rọ́bà dúdú ni wọ́n fi ń bo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òde òní, ẹni tó ni ín kì í ṣí i wò, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ọkọ̀ bàbá mi wà lẹ́yìn ilé mi. Ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀, táyà ti rì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo nu eruku kúrò lára ẹ́ńjìnì, ọ̀dà àwọ̀ eérú yẹn ṣì dì í mú, kò ṣí níbì kankan.

Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó fẹ́ ẹ́ńjìnì nìkan. Mo tún rò ó pé kí n gbé e fún ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, káwọn ọmọ máa kán omi sí irin wò. Ṣùgbọ́n èmi náà ti di ìyá àgbà tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn dé Yídì, Iléyá sì ku oṣù méjì péré. Ǹjẹ́ kò yẹ kí n wá ẹni tó máa tún ara ọkọ̀ yẹn ṣe, kó gbé mi gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i? Mi ò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?