Ọjọ́ Tí Lábọ̀dé Kó Àwọn Ọmọ Bọ̀ Láti Ẹ̀sìẹ́

Lábọ̀dé ọmọ Ìlọ́fà kì í ṣe oníjà. Ó lé lógún ọdún tó fi wa ọkọ̀ akérò láàárín Ìlọ́fà, Òsì àti Ọ̀mù-Àrán, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí i rí tó fa ẹnikẹ́ni láṣọ ní gáréèjì. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ, yóò ti ilẹ̀kùn, ó di ìgbà tí ara gbogbo wọn bá rọ̀. Salamot ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí eṣinṣin bá bà lé ọkọ òun nímú, ẹ̀bẹ̀ ni yóò bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó fi gáréèjì sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ awakọ̀ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó mọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí ẹni mọ ilé àna. Tíṣà Saadat, tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, gbà pé ìwé nìkan kò tó fún ọmọ, ó yẹ kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó bí baba ńlá rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń kó wọn jáde: bí wọ́n bá lọ sí Ìlọrin lọ́dún kan, wọn a lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ọ̀wọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀rẹ̀, ìdí ọkọ̀ ni Lábọ̀dé máa ń sùn sí títí wọn yóò fi jáde. Ní Ọ̀wọ̀, òjò lé e wọlé. Ó dúró níwájú orí kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ó wo imú rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó sì dà bíi pé ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ń wo òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣáájú àwọn ọmọ wọlé. Bí òbí kan bá bi í léèrè, ó lè sọ ibi tó dára jù fún ọmọ kékeré. Lójú tirẹ̀, Ifẹ̀ dára, ṣùgbọ́n inú gíláàsì ni ohun gbogbo wà, ó máa ń tètè sú àwọn ọmọ. Ẹ̀sìẹ́ ló fẹ́ràn jù, nítorí àyè wà níta fún eré, àwọn ère òkúta náà sì jókòó lọ bẹẹrẹ bí àgbà tó pé sí ìpàdé.

Ẹ̀sìẹ́ náà ni wọ́n ń lọ ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta. Ọmọ méjìlélógún ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú Tíṣà Saadat àti Fọláránmi, tíṣà ọkùnrin kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gbéyàwó. Bí Lábọ̀dé ṣe ń wo omi ọkọ̀ láàárọ̀, ọlọ́kadà kan dúró tì í, ó kí i dáadáa, ó bi í pé ìgbà wo ni wọn yóò padà àti pé ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà. Lábọ̀dé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní yóò tó aago mẹ́rin, Òsì ni àwọn yóò sì gbà wọlé. Ọlọ́kadà náà dúpẹ́, ó sì lọ.

Ní Ẹ̀sìẹ́, àwọn ọmọ rí àwọn ère tó ní orí àtàwọn tí kò ní. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹni tó bẹ́ wọn lórí, ẹni tó ń mú wọn káàkiri sì dáhùn pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Qudrah jókòó sílẹ̀ bíi ti ère, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó mú ojú le, gbogbo wọn sì fi ẹ̀rín pa ara wọn. Wọ́n jẹun lábẹ́ igi, wọ́n gbéra.

Wọ́n ti kọjá Òsì, wọ́n ń sún mọ́ ilé, nígbà tí Lábọ̀dé rí ìtì igi tó dábùú títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bíréèkì ni ọkùnrin mẹ́rin yọ láti inú igbó pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Gíláàsì iwájú ya wọ ojú Lábọ̀dé, ohun kan sì gba èjìká rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ki irin gbígbóná bọ̀ ọ́. Ó gbọ́ tí Tíṣà Saadat ní kí àwọn ọmọ dojú bolẹ̀. Ọta ti bá Fọláránmi tó jókòó tì í lọ́rùn. Ó wó sórí jíà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń tú sí apá Lábọ̀dé.

Lábọ̀dé fi ìgbúnwọ́ ti òkú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè rí jíà fà sí rìfáàsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti di ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mú, ó ti ki ọwọ́ wọlé, ó ti fa ọmọ kan nírun. Lábọ̀dé fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀, ó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ sápá ibi tí ọkùnrin náà wà. Ọwọ́ já lára ilẹ̀kùn. Táyà iwájú gun ohun kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni. Kò dúró. Ó ń wọ́ ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti bo èkejì, ìbọn ṣì ń dún, àwọn ọmọ ń ké. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ títí tí ìdí ọkọ̀ fi já sí kòtò, ó sì dúró gbọin.

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti gbọ́ ìró ìbọn láti Òsì. Olóyèdé, olórí wọn, ló ṣáájú wọn dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan, àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko nítòsí sì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá. Àwọn ọ̀daràn náà yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì sí i, wọ́n wọ́ ẹnìkejì wọn tí ọkọ̀ gùn dání, wọ́n wọgbó lọ. Nígbà náà gan-an ni ọ̀kadà kan sáré dé láti ọ̀nà Òsì. Ẹni tó ń gùn ún jù ú sílẹ̀ láàárín títì, ó ń sáré bọ̀ nídìí ọkọ̀. Lábọ̀dé wò ó. Ọlọ́kadà àárọ̀ ni.

Ohun tó rú sókè nínú Lábọ̀dé lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó fa sípánà táyà yọ lábẹ́ ìjókòó, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì sọ fún Olóyèdé pé, "Ẹni tó bi mí ní wákàtí tí a ó padà nìyí."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi..." Kò rí i parí. Lábọ̀dé fi sípánà gbá a lẹ́nu. Ó gbọ́ tí egungun àgbọ̀n ké, ó rí eyín méjì tó já bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì ní ẹ̀gbẹ́ etí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àyè fún un láti gbá a mọ́, nítorí igi, ìdí ìbọn àti bàtà gbogbo ènìyàn ti bò ó. Ẹnìkan ti lọ yí táyà àtijọ́ kan bọ̀. Ẹlòmíràn ti ń fa bẹntiróòlù láti inú ọ̀kadà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Lábọ̀dé dúró, ó ń mí gúlegúle, inú rẹ̀ sì dùn. Èyí ló sọ fún Salamot lẹ́yìn náà, tí kò sì lè sọ tán: pé inú òun dùn.

Tíṣà Saadat ló gba inú wọn kọjá. Kò ní gèlè lórí mọ́, ó ti fi dí ojú ọgbẹ́ ọmọ kan. Ó dùbúlẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí, igi méjì sì ti bà á lẹ́yìn kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ni. Qudrah ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pe bàbá rẹ̀. Tíṣà gbé ojú sókè sí Lábọ̀dé.

Ó ní, "Bàbá Lábọ̀dé, Àlímì nìyí. Bàbá Qudrah ni. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó tún gbé ọwọ́ sókè. Obbo-Ile ni Àlímì ń gbé, ìyá ìyá Qudrah ló sì ń tọ́ ọmọ náà ní Ọ̀pin, ìdí nìyẹn tí Lábọ̀dé kò fi mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ pàdé ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé, kó gbọ́ ohun tó rí. Ó gbé èrò dé Òsì, ó rí ọkọ̀ wọn tó kọjá, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n gbé òkú Fọláránmi àti Àlímì tí kò mọ ibi tó wà sínú ọkọ̀ kan náà lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Àwọn ọmọ méjìlélógún pé. Mẹ́rin fara pa, kò sí èyí tó kú. Nítorí èyí, gbogbo ìlú ń ki Lábọ̀dé. Wọ́n gbàdúrà fún un ní mọ́sáláṣí, wọ́n gbà á fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí ń gbé iṣu àti adìyẹ wá sílé rẹ̀ ní Ìlọ́fà. Bí wọ́n bá ti lọ tán, yóò wọ yàrá, yóò kọjú sógiri. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun ló kọ́kọ́ lu Àlímì. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ ní kó lọ tọ́jú èjìká rẹ̀, pé èrò ló ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń mú èrò.

Nígbà tí Àlímì kúrò ní ọsibítù, Lábọ̀dé mú àgbààgbà méjì dání, wọ́n lọ sí Obbo-Ile. Wáyà ni wọ́n fi de àgbọ̀n Àlímì, etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, Lábọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àlímì yí ojú sógiri. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa lọ.

Lábọ̀dé padà wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, nítorí ó gbọ́ pé ọjọ́ náà ni Àlímì gbọ́dọ̀ máa lọ rí dókítà. Ó yá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e síwájú ilé, ó dúró. Ìyàwó Àlímì wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó mú ọkọ rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Lábọ̀dé fi gbé e lọ, tó fi gbé e bọ̀. Ẹ̀yìn ni Àlímì máa ń jókòó, wọn kì í sọ̀rọ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti tú wáyà náà.

Àwọn òbí fara ya nígbà tí Tíṣà Saadat dábàá ní ọdún kejì pé kí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlọrin. Ìyá Fọláránmi ló dìde nínú ìpàdé náà tó ní kí wọ́n lọ, pé ọmọ òun kò kú kí àwọn ọmọ lè máa jókòó sílé. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé ọkọ̀ Olóyèdé àti àwọn ọdẹ rẹ̀ ni yóò ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò náà, Àlímì wá bá Lábọ̀dé ní Ìlọ́fà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

Ó ní, "Qudrah fẹ́ lọ. Ìwọ ni yóò gbé e lọ, mo gbọ́. Èmi ó máa bọ̀ lẹ́yìn yín."

Bó ṣe wí náà ló ṣe. Láti Ọ̀pin dé Òsì, láti Òsì dé Ọ̀mù-Àrán, Lábọ̀dé ń rí ọ̀kadà náà nínú dígí. Ó rò pé yóò ṣẹ́rí padà ní Ọ̀mù-Àrán, kò padà. Eruku ti bo Àlímì láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Ìlọrin. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ síbi tó ti lè rí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì jókòó lé e. Kò kí Lábọ̀dé, Lábọ̀dé kò sì retí ìkíni. Lábọ̀dé ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pé, ó sì tẹ̀ lé wọn wọlé.