Ewúro àti Ìgò Abẹ́ Ibùsùn

Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ọpọ́n ewúro, ìfófòó rẹ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Tema dé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó tì mí, ó ń fẹ́ iná èédú. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyinjú bàbá mi pọ́n bí ìyeyè.

"Ìtọ̀ rẹ ńkọ́?" ni ohun tó kọ́kọ́ bi í.

Bàbá mi ní ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

Ìyá àgbà kì í ṣe ẹni tó ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Bí orí bá fọ́ ọ báyìí, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, kí òórùn ẹja yíyan tó gba gbogbo Jamestown, àdúgbò wa ní Accra, àwa mẹ́ta ti wà nínú ọkọ̀ akérò trotro tó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ bàbá mi wò, ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wú. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá àgbà gba ìdí ààrò. Ọbẹ̀ ewúro, ẹja tútù, epo díẹ̀, ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Omi mẹ́ta péré la fi ń fọ ewúro náà. Bí mo bá fi omi kan kún un, á ní mo ti fọ oògùn dànù. Bí mo bá dín omi kan kù, bàbá mi kò ní lè gbé e mì. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ túbọ̀ ń pọ́n ni, ẹ̀rù sì bà mí gan-an pé ó máa kú.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni ìyá àgbà wí. Ó wọ yàrá bàbá mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ìgò kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Gbòǹgbò igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí ló kún inú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fa ojú ro.

Obìnrin Gà tó ń yan ẹja ní àgbàlá wa ló fún bàbá mi ní ìgò náà. Kò sẹ́ rárá. "Awo, akpeteshie, ògógóró tiwa, ló ń fa agbára gbòǹgbò jáde," ló sọ, ó pe ìyá àgbà ní ìyá lédè Gà. "Omi lásán ò lè ṣe é."

Bàbá mi náà dá sí i. "Mama, lórí rédíò FM gan-an wọ́n ń sọ ọ́. Alhaja ni yín, ẹ ò lè fẹ́ràn ọtí láéláé."

"Mi ò sọ ti Ọlọ́run. Ti ẹ̀dọ̀ ni mò ń sọ. Ṣé ẹ ò rí ikùn àwọn tó ń mu ún létí òkun ni? Ṣé torí gbòǹgbò bá a wọ ìgò ló máa wá yíwà padà?"

Kò da ọtí náà nù. Ó fi ìborùn wé e, ó gbé e lọ bá dókítà fúnra rẹ̀. Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi èdè Twi sọ fún un pé ìgò yẹn ì bá pa ọmọ rẹ̀. Ó ní kí bàbá mi lo oògùn rẹ̀, kó sinmi, pé ọbẹ̀ ewúro kò burú.

Ẹ wo ìyá àgbà bó ṣe wọ àgbàlá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ohun tí dókítà wí, ó ń fi ohùn dókítà sọ ọ́, inú mi sì dùn dé góńgó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ojú bàbá mi funfun. Obìnrin Gà náà gbé ẹja ńlá méjì wá, ìyá àgbà sì bá a jẹ ẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan gún un.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo ti kà nípa ewúro. Wọ́n fún eku ní omi rẹ̀, ó sì dà bíi pé ó dáàbò bo ẹ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti èèyàn kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Mi ò ní purọ́ torí ìyá àgbà; ó lè jẹ́ oògùn àti ìsinmi ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọtí àti ẹ̀dọ̀, kò sí onímọ̀ kankan tó lè bá a jiyàn, ìyá tí kò mọ ìwé kà. Bàbá mi tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi ìgbéyàwó mi ni ẹ̀rí rẹ̀. Títí dòní, bí aláìsàn bá bi mí léèrè ohun tí òun lè mu, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń mu lọ́wọ́.