Èmi ni mo ní ká da omi ẹja Màmá nù

Ẹ̀gbẹ́ omi ẹja náà ni mo wà bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbbà kó wa wá sí Ìyàrá lónìí láti kọ́ àwọn tó ń sin ẹja. Mo rí i pé àwọn ẹja àrọ̀ Màmá kan níbẹ̀ nàró ṣánṣán nínú omi, wọ́n gbẹ́nu sókè.

Màmá ní, "Wọ́n ń kí yín 'okun' ni, bí a ṣe ń kíni níbí," ó sì bu oúnjẹ tó fẹ́ fún wọn.

Mo ní, "Ẹ dúró, Mà. Omi yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Tí wọ́n bá kú ńkọ́? Àwọn nìkan ni mo ní."

A pààrọ̀ ẹ̀. Ẹja mẹ́ta ti léfòó báyìí.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè orúkọ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ látìgbà tí mo ti dé Kàbbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja, ṣé ìyókù á yè?