Àlejò Ìbílọlá Láti Lomé

Láti òwúrọ̀ ni Ìbílọlá kò ti rójú jókòó. Ó gbá yàrá àlejò, ó tún un gbá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń dá gbé ní Ìdó-Èkìtì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rè ìlú òyìnbó tí ilé sì dá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ẹsiperánto lórí fóònù, èdè tí wọ́n dìídì ṣẹ̀dá kí ará ìlú kan lè bá ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ a máa gba ara wọn sílé lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu ìrìn àjò. Ìbílọlá fi orúkọ sílẹ̀ pé òun náà ní yàrá. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, àfìgbà tí Afi, obìnrin kan ní Lomé, kọ̀wé pé òun ń bọ̀.

"O ò mọ ìyá ẹ̀, o ò mọ bàbá ẹ̀, o fẹ́ kó wọ ulé," ni Jacob, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí.

"Bọ̀dá mi, ó gbọ́ èdè tí mo gbọ́."

"Ta lo ti bá sọ ọ́ rí?"

Ìbílọlá kò tíì fi ẹnu sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni rí.

Fóònù Afi kò lọ mọ́. Ìbílọlá lọ sí gáréèjì, ó padà, ó tún lọ. Nírọ̀lẹ́, takisí kan já obìnrin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ti ń retí òyìnbó wo ara wọn lójú.

"Mọ́mì, mo sọ Yorùbá, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ ìkankan," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Àdírẹ́sì yín tó kọ sínú ìwé ló kàn ń nà sí mi."

Gbogbo ohun tí Ìbílọlá kọ́ fò lọ. Afi di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bonvenon," ni Ìbílọlá fi ohùn kékeré kí i káàbọ̀.

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Afi. Ọ̀rọ̀ ya lẹ́nu rẹ̀: wọ́n ti jí fóònù òun lọ́nà, òun kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àná. Ìbílọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké.

Wọ́n jẹ iyán. Jacob náà yọjú, ó bi àlejò ní ìbéèrè títí ohùn Ìbílọlá fi há nídìí ògbufọ̀.

Lọ́jọ́ tí Afi ń lọ, ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà wo lo máa wá?"

Ìbílọlá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, pálọ̀ kò gbà á mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti lọ ya fọ́tò páálí ìrìnnà. Páálí kò tíì jáde, ó ti di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì.